Páàsì rélùwéè Jàpáàn tí Bàbá Ìbejì fẹ́ rà, àti èyí tá a padà rà

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan lóṣù kẹta 2024 ni Àǹtí mi pè mí, wọ́n ní láti ìrọ̀lẹ́ làwọn ti wà nídìí kọ̀ǹpútà, àwọn fẹ́ ra páàsì rélùwéè tí ìdílé àwọn máa fi rìn ní Jàpáàn, Bàbá Ìbejì ti tẹ orúkọ gbogbo èèyàn sí i tán, ó ku kí wọ́n fi nọ́ńbà káàdì báńkì sí i kówó jáde, àwọn wá ní káwọn kọ́kọ́ bi mí kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo ní èló ni, wọ́n ní 200,000 yẹ́ẹ̀nì, owó Jàpáàn. Pọ́n-ùn kan ń lọ sí bíi 190 yẹ́ẹ̀nì nígbà yẹn, ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní 1,050 pọ́n-ùn, rélùwéè nìkan o, a ò tíì sọ ti hòtẹ́ẹ̀lì, a ò tíì sọ ti oúnjẹ, ti báálù sì ti gbọ́n àpò gbẹ tẹ́lẹ̀. Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì, kí wọ́n má tẹ nǹkan kan, mò ń bọ̀ lọ́la.

Àwọn márùn-ún ló ń lọ. Àǹtí mi àti ọkọ wọn, Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Màmá wa, ẹni ọdún 68, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ àwọn Àǹtí ní London. Kẹ́hìndé ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ọmọ yẹn mọ orúkọ gbogbo rélùwéè ayára-bí-àṣá tí wọ́n ń pè ní Shinkansen, ó mọ èyí tí imú ẹ̀ gùn àti èyí tí imú ẹ̀ kúrú, ọdún méjì ló fi ń bẹ̀ wọ́n. Ti Màmá yàtọ̀. Ìtàn ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì nílé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní àìmọye ìgbà làwọn ti dúró níwájú kíláàsì sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Hiroshima ní 6 August 1945, àwọn sì fẹ́ fojú ara àwọn rí ibẹ̀ káwọn tó di arúgbó tí ò lè rìn mọ́. Nítorí náà Hiroshima ò ṣeé yọ kúrò, ọ̀rọ̀ Màmá nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn.

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo bi Bàbá Ìbejì pé ta ló ní kí wọ́n ra JR Pass, páàsì tí àlejò fi ń wọ rélùwéè JR káàkiri Jàpáàn fún iye ọjọ́ tó bá san owó ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ni, ó lọ wo ìdíje rọ́gíbì àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Jàpáàn ní 2019, ó ní òun kàn ra páàsì yẹn ni òun ò tún ronú mọ́, gbogbo ibi tó wu òun lòun wọ rélùwéè dé. Ká sòótọ́, ọ̀rẹ́ yẹn ò parọ́. Ní 2019, páàsì ọjọ́ méje ò tó 30,000 yẹ́ẹ̀nì, 29,650 ló wà nígbà tí ọdún yẹn fi ń parí. Téèyàn bá ti lọ sí Kyoto tó sì padà sí Tokyo, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó ẹ̀ tán, gbogbo ìyókù di èrè. Àmọ́ láti 1 October 2023 ni wọ́n ti gbé e sókè, ọjọ́ méje di 50,000, ọjọ́ mẹ́rìnlá tó jẹ́ 47,250 tẹ́lẹ̀ di 80,000. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìmọ̀ràn 2019 yẹn ṣì ń kiri, ẹni tó ń sọ ọ́ ń fi ìfẹ́ sọ ọ́, ẹni tó ń gbọ́ ọ ń fọkàn tán an, owó ló sì ń bá a lọ.

Mo ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà dé ná. Mo gba ìwé àti bírò lọ́wọ́ Táyé, mo ní ká kọ ibi tí wọ́n máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò kì í wo páàsì kankan títí màá fi mọ ibi tórí máa fara lé. Wọ́n máa balẹ̀ sí Haneda ní Tokyo, wọ́n máa sun oorun alẹ́ márùn-ún níbẹ̀. Ọjọ́ kẹfà, Kyoto, alẹ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹsàn-án, Hiroshima, alẹ́ kan. Ọjọ́ kẹwàá, Osaka, alẹ́ méjì, ọjọ́ kejìlá wọ́n á wọ báálù láti Kansai, éápọ́ọ̀tù tó wà lẹ́bàá Osaka, wá sílé. Ibì kan tí Bàbá Ìbejì ti ṣe dáadáa gan-an nìyẹn kí n tó dé, pé wọ́n ra báálù tó balẹ̀ síbì kan tó sì gbéra níbòmíì, kò sídìí tí wọ́n fi máa padà sí Tokyo.

Lẹ́yìn náà la wá ń kọ iye owó tíkẹ́ẹ̀tì ibì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tokyo sí Kyoto, pẹ̀lú ìjókòó tí wọ́n fi nọ́ńbà pa mọ́ fúnni, bíi 14,000 yẹ́ẹ̀nì. Kyoto sí Hiroshima bíi 11,000. Hiroshima padà sí Osaka bíi 10,500. Àwọn ńlá nìyẹn. Àwọn kéékèèké wá ń bẹ, Nara níbi tí àwọn àgbọ̀nrín ń rìn láàrin èèyàn, àti ojúbọ Fushimi Inari, méjèèjì bíi 1,700 lọ bọ̀ láti Kyoto, erékùṣù Miyajima bíi 1,300 pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi, ilé olódi àtijọ́ tó wà ní Himeji bíi 3,000 lọ bọ̀ láti Osaka, àti Haruka, rélùwéè tó ń lọ sí éápọ́ọ̀tù Kansai, bíi 2,500. Mo ro ó pọ̀, 44,000 fún àgbàlagbà kan. Gbogbo ẹ̀ bọ́ sáàrin ọjọ́ kẹfà sí ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ méje gééré, bíi pé wọ́n dìídì dá páàsì ọjọ́ méje sílẹ̀ fún wọn ni, ìdí nìyẹn tí Bàbá Ìbejì fi rò pé ó bá a mu.

Bàbá Ìbejì ní, ó dáa, 44,000 sí 50,000, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà péré ni, ṣé mi ò rò pé ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà? Ọ̀rọ̀ gidi ni o, mi ò fojú kéré ẹ̀, èèyàn ò fẹ́ máa to síwájú ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìyá àgbà àti ọmọ méjì nílùú tí ò gbọ́ èdè ẹ̀. Mo ní àmọ́ ẹ wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá ń san ìdajì, torí náà ẹ̀yin márùn-ún jẹ́ bí àgbà mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yẹn lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 24,000. Ìkejì, páàsì tẹ́ ẹ fẹ́ fi 50,000 rà yẹn ò gbé Nozomi, ọ̀kan nínú àwọn Shinkansen. Kẹ́hìndé tó ń ṣe bíi pé ó ń wo tẹlifíṣọ̀n látẹ̀yìn ló dáhùn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Nozomi ló yá jù, kò dúró níbi púpọ̀, Hikari ń dúró díẹ̀ sí i, Kodama ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n tán. Tokyo sí Kyoto, Nozomi ń lò bíi wákàtí méjì lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú, Hikari ń sún mọ́ wákàtí méjì lé ogójì ìṣẹ́jú, ìyẹn ò burú, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Nozomi pọ̀ bíi bọ́ọ̀sì, Hikari kò ju bíi méjì lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó ní JR Pass tó sì fẹ́ wọ Nozomi máa san owó mìíràn lé e, 4,960 yẹ́ẹ̀nì fún Tokyo sí Kyoto nìkan. Ẹ ti san 50,000, ẹ tún ń san owó lé owó.

Ibi tí mo fẹ́ dé gan-an nìyí, torí ìdajì àwọn tó ń bi mí léèrè ò mọ̀ pé páàsì mìíràn wà. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ìjọba Jàpáàn tẹ́lẹ̀, ọdún 1987 ni wọ́n pín in, ó di ilé iṣẹ́ mẹ́fà fún èrò, oníkálukú pẹ̀lú agbègbè ẹ̀, àti ọ̀kan fún ẹrù, JR ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Ojú irin Shinkansen àkọ́kọ́ tó ti Tokyo lọ sí Shin-Osaka, ibùdókọ̀ Shinkansen ìlú Osaka, èyí tí wọ́n ṣí ní 1 October 1964 nígbà tí Òlíḿpíìkì Tokyo ku díẹ̀, ọwọ́ JR Central ló bọ́ sí. Láti Shin-Osaka lọ sí Hiroshima títí dé Hakata ní Fukuoka, ti JR West ni. JR Pass ńlá yẹn, àwọn mẹ́fà tó ń gbé èrò ló jọ ni ín, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún ń ta páàsì tiẹ̀ fún agbègbè tiẹ̀ nìkan. JR West ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Kansai-Hiroshima Area Pass, ọjọ́ márùn-ún, 17,000 yẹ́ẹ̀nì fún àgbà, 8,500 fún ọmọdé nígbà yẹn. Ó gbé Nara, ó gbé Inari, ó gbé Himeji, ó gbé Haruka lọ sí éápọ́ọ̀tù, ó gbé ọkọ̀ ojú omi JR tó ń lọ sí Miyajima, ó sì gbé Shinkansen láti Shin-Osaka dé Hiroshima, Nozomi wà níbẹ̀, kò sí owó lé owó.

Ẹ wá wò ó, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo Tokyo sí Kyoto 14,000, páàsì agbègbè 17,000, gbogbo ẹ̀ 31,000. Dípò 50,000. Ìyàtọ̀ 19,000 lórí àgbà kan, lọ́nà mẹ́rin, 76,000 yẹ́ẹ̀nì, 400 pọ́n-ùn gbáko. Àǹtí mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wo ọkọ wọn, wọ́n dìde lọ gbé oúnjẹ wá fún mi.

Èmi náà ṣe àṣìṣe kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Mo ti kọ́kọ́ ní kí páàsì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà tí wọ́n bá dé Kyoto, ó kàn wá sí mi lórí bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá dé agbègbè páàsì ló máa lo páàsì. Inú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ sílé ni mo rántí pé ọjọ́ márùn-ún yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn ni, kì í ṣe pé wàá mú ọ̀kan lónìí wàá mú ọ̀kan lọ́túnla. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà, ọjọ́ kẹwàá ló máa kú, Himeji àti Haruka ti bọ́ síta, nǹkan bíi 5,500 nìyẹn lórí àgbà kan. Ọjọ́ kẹfà, inú Nozomi tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n wà, ọjọ́ keje, inú Kyoto fúnra ẹ̀ ni wọ́n máa rìn, bọ́ọ̀sì ìlú sì ni wọ́n máa wọ̀, 230 yẹ́ẹ̀nì ẹ̀ẹ̀kan, páàsì JR kankan ò gbé bọ́ọ̀sì yẹn. Mo pè wọ́n padà lóru, mo ní ọjọ́ kẹjọ ni kó bẹ̀rẹ̀ o, ọjọ́ kẹjọ Nara àti Inari, ọjọ́ kẹsàn-án Hiroshima, ọjọ́ kẹwàá Miyajima kí wọ́n tó lọ sí Osaka, ọjọ́ kọkànlá Himeji, ọjọ́ kejìlá éápọ́ọ̀tù. Márùn-ún pé, ìkankan ò ṣòfò.

Màmá ní ìbéèrè tiwọn. Wọ́n ní ṣé wọ́n máa tà á fún àwọn, torí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà làwọn ń lò, físà làwọn gbà lọ sí Jàpáàn, àwọn yòókù sì ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, iye ìgbà tí wọ́n ti dúró ní kántà níbi tí wọ́n ti ń yí pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé yẹn síwá sẹ́yìn ò ṣeé kà. Mo ní Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò, ohun tí àwọn aṣọ́bodè bá kọ síbẹ̀ ni, pé ẹ jẹ́ àlejò onígbà díẹ̀, Temporary Visitor ni wọ́n ń kọ, ẹni tó ní físà ìgbafẹ́ àti ẹni tí ò nílò físà, nǹkan kan náà ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù àwọn méjèèjì. Kí ẹ ṣáà rí i pé ó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú aṣọ́bodè, torí láìsí i wọn ò ní fún yín ní páàsì. Bó ṣe rí náà nìyẹn nígbà tí wọ́n débẹ̀, obìnrin tó wà ní kántà wo ti Màmá bó ṣe wo ti gbogbo wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún wọn, ó sì tẹrí ba. Màmá ti sọ ìyẹn fún gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ní Tokyo, JR Pass ì bá má tiẹ̀ wúlò púpọ̀, torí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ti JR. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún àlejò, 72 wákàtí ní 1,500 yẹ́ẹ̀nì nígbà yẹn, ọmọdé ìdajì. Wákàtí ni wọ́n ń kà níbẹ̀ o, kì í ṣe ọjọ́, wọ́n kọ́kọ́ fi wọlé láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì gbé wọn títí di ago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti wọ rélùwéè tiwọn kí aago náà tó lù. Fún ìyókù, ìlú Kamakura tó jẹ́ 950 ní lílọ nígbà yẹn, àti àwọn ìrìn kéékèèké, Suica ni, káàdì tí wọ́n ń kówó sí láti fi wọ ọkọ̀, àwọn Àǹtí gbé tiwọn sórí fóònù, Màmá gba káàdì Welcome Suica ní éápọ́ọ̀tù, èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 28, torí Màmá ò fẹ́ máa fi fóònù gbá ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo bẹ̀rù jù. Ẹ mọ̀ wá, a kì í rìnrìn àjò pẹ̀lú báàgì kékeré. Lórí Shinkansen yẹn, tí gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn báàgì bá lé ní 160 sẹ̀ǹtímítà lápapọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìjókòó tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn ẹ̀, kò gba owó kún un, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e wọlé láìsọ fún wọn, 1,000 yẹ́ẹ̀nì ni. Mo ní kí Táyé wọn àwọn báàgì náà pẹ̀lú tépù, méjì jẹ́ 168. A kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba ìjókòó ẹ̀yìn yẹn, àmọ́ àkókò òdòdó ṣẹ́rì ni, èèyàn pọ̀, ẹyọ kan péré la rí. Ni mo bá ní kí wọ́n fi báàgì ńlá méjèèjì rán àwọn akẹ́rù láti hòtẹ́ẹ̀lì Tokyo lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Osaka, kò tó 4,000 yẹ́ẹ̀nì ẹyọ kan, kí wọ́n fi báàgì kékeré lọ sí Kyoto àti Hiroshima. Inú Màmá ò dùn sí i, wọ́n ní báwo lèèyàn ṣe máa gbé ẹrù ẹ̀ lé ẹni tí ò mọ̀ lọ́wọ́ nílẹ̀ àjèjì. Nígbà tí wọ́n dé Osaka lọ́jọ́ kẹwàá, báàgì méjèèjì wà ní yàrá, wọ́n tiẹ̀ ti nu eruku ara ẹ̀.

Ìjókòó ẹ̀yìn kan tí a rí yẹn, Màmá la fún, lẹ́tà E, ẹ̀gbẹ́ tí òkè Fuji wà. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ máa gbà tẹ́ ẹ bá ń ti Tokyo lọ sí Kyoto. Wọ́n ní ó tó bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n gbéra kó tó yọ, òkè náà funfun lórí, gbogbo ọkọ̀ dákẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni nǹkan fẹ́ dàrú. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé fún Bàbá Ìbejì pé páàsì agbègbè yẹn ò gbé Shinkansen láàrin Kyoto àti Shin-Osaka, torí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ti JR Central, pé kí wọ́n wọ rélùwéè lásán dé Shin-Osaka, bí ìṣẹ́jú 25, kí wọ́n tó bọ́ sínú Nozomi. Àmọ́ ẹni tó bá dé ibùdókọ̀ Kyoto láàárọ̀ máa mọ̀ pé ìwé ò ṣeé kà níbẹ̀, èrò ń wọ́ bí omi, gbogbo àmì Shinkansen ló ń tàn, wọ́n ti kó gbogbo ilé dé ẹnu ọ̀nà Shinkansen, wọ́n fi páàsì sí i, ẹnu ọ̀nà pa dé. Òṣìṣẹ́ kan ló wá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ó mú àwòrán ojú irin jáde, ó fi ìka hàn wọ́n, ó sì sìn wọ́n títí dé ibi tí wọ́n ti máa wọ èyí tó tọ́. Àyè ìṣẹ́jú 50 tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ ló yọ wọ́n, wọ́n dé orí pèpéle ní Shin-Osaka ó ku ìṣẹ́jú 12. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo páàsì yìí, ibi tó ń dá èèyàn dúró nìyẹn, kẹ́ ẹ gbà á lọ́kàn pé Shin-Osaka ni Shinkansen yín ti bẹ̀rẹ̀.

Wákàtí kan àti ìdajì ò pé tí wọ́n fi dé Hiroshima. Wọ́n wọ tíráàmù ìlú dé ibi ilé tí bọ́ǹbù fi egungun òrùlé ẹ̀ sílẹ̀, 220 yẹ́ẹ̀nì nígbà yẹn, ìyẹn náà kì í ṣe ti JR, Suica ni. Àǹtí mi ní Màmá ò sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì. Nígbà tí wọ́n jáde nínú ilé ohun ìrántí, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí odò, wọ́n pe àwọn ìbejì mọ́ra, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ kíláàsì wọn.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé ìgbà wo ni JR Pass ńlá yẹn wá dáa báyìí, màá sọ pé nígbà tí ìrìn yín bá gùn gan-an láàrin ọjọ́ méje. Ní owó 2024, Tokyo sí Hakata ní Fukuoka jẹ́ bíi 23,000 ní lílọ, lọ bọ̀ ti di 46,000, ẹni tó bá tún yà sí Hiroshima tàbí Himeji lọ́nà ti borí 50,000, kí onítọ̀hún ra á láìrojọ́. Kódà tí àwọn Àǹtí bá ní láti padà sí Tokyo wọ báálù, tiwọn ì bá di bíi 45,500 pẹ̀lú páàsì agbègbè, ìyàtọ̀ ẹ̀ sí 50,000 ti kéré, mi ò ní bá Bàbá Ìbejì jiyàn lórí ìfọ̀kànbalẹ̀ wọn.

Ọjọ́ karùn-ún páàsì ni wọ́n fi wọ Haruka lọ sí Kansai. Kẹ́hìndé kó páàsì gbogbo wọn jọ, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé kan pẹ̀lú orúkọ rélùwéè kọ̀ọ̀kan tó wọ̀ lábẹ́ ẹ̀. Welcome Suica Màmá ṣẹ́ 340 yẹ́ẹ̀nì kù, wọn kì í dá owó inú ẹ̀ padà, ọjọ́ 28 ẹ̀ sì ti kọjá. Inú Bíbélì wọn ló wà títí di òní, ibi tí wọ́n bá kàwé dé ni wọ́n ń fi sí.